Ojú-Ìdè Mẹ́rin Inú Ọkọ̀ Pupa

Kò sí àga tí ẹ̀gbọ́n mi máa jókòó lé tí kò ní kọ́kọ́ mì. Ìbáà jẹ́ àga inú ilé rẹ̀ tó ti ń lò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, á dì í mú lẹ́yìn, á mì í síwájú, á mì í sẹ́yìn, kó tó rọra gbé ìdí lé e bí ẹni tó ń jókòó lórí ẹyin. Tí wọ́n bá fún un lóògùn nílé ìwòsàn, á béèrè ẹni tó pò ó, á sì béèrè ẹni tó kọ́ onítọ̀hún níṣẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa láti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ wá. Ó yí bàtà náà dojú dé, ó ń wo ibi tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ó ní ẹni tí bàtà rẹ̀ bá jẹ lápá kan ṣoṣo, nǹkan wà tó ń sá fún. Ọkọ mi kò tíì dárí ọ̀rọ̀ náà jì í di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ajórin, ìyẹn wẹ́dà, ni ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó parí àlàyé. "Ọ̀gá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bíréèkì ọkọ̀ yìí ṣe ni." "Ẹ jẹ́ n wò ó." "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ti ilẹ̀kùn." "Jẹ́ n wò ó." Abẹ́ òrùlé páànù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, òun níbi tí iná ti ń ta pàrà, èmi níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, tí mo ti ń rán aṣọ àga ọkọ̀. Tapólì kan tó nípọn la ta sáàárín kí iná rẹ̀ má baà jó fóòmù mi. Tí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí gbọ́.

Ó ní ohun tó máa ń ṣe tó bá ra bóòtù tí wọ́n fi ń de irin. Á mú ọ̀kan nínú páálí, á fi fáìsì orí tábìlì há a lọ́rùn, á wá máa fi òòlù lù ú títí yóò fi dá. Tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dá, irin gidi ni. Tó bá dá pọ́ún bí ìṣáná, odindi páálí náà ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á nìyẹn. Àwọn tó ń ta bóòtù, tí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á ní àwọn ti ń palẹ̀ mọ́.

Mi ò lè dá a lẹ́bi jù. Ìyàwó rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì kan láti lọ kí ìyá rẹ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, àga tí obìnrin náà jókòó lé sì fà tu pẹ̀lú rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Bóòtù mẹ́rin ló yẹ kó di àga yẹn mọ́lẹ̀. Méjì ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tó tún bọ́ọ̀sì náà ṣe sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ọmọbìnrin kan ni ìyàwó náà fi sílẹ̀, tí kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa. Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ. Àǹtí ló ń pè mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ti mọ oorun.

Ọmọ náà kò fẹ́ abẹ́rẹ́, iná ló fẹ́. Kò tíì ga ju tábìlì iṣẹ́ lọ tó ti ń gba ìbòjú tí wọ́n fi ń jórin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Irin tí ajórin bá jó mọ́ irin, ojú rẹ̀ máa ń sùn lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo rẹ̀ á kọjú síbì kan. Ìpẹ́ ti ọmọ wa kọjú sí òdìkejì. Ó wẹ́, ó tẹ́jú, ó sì mọ́ tónítóní. Bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Jẹ́ n wò ó." Lẹ́yìn náà á gbé gíráńdà, á lọ̀ gbogbo rẹ̀ dànù, á tún un jó fúnra rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Ọmọ náà á dúró, á máa wo iná tó ń fọ́n jáde lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ó dọjọ́ kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó rékọjá títì, ó lọ ń bá onítáyà tó wà ní ọ̀ọ́kán wa ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa táyà. Bàbá rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún ọkùnrin yìí láyé, ìyẹn nìkan ni kò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò.

Onítáyà yìí, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ ohun tó yẹ kó pa á lẹ́rìn-ín. Èmi alára kì í fọkàn tán ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ bá ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ra ọkọ̀ eré-ìje kan, pupa fòò, ọlọ́jókòó méjì, kò ní òrùlé, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó gbé e wá síwájú ìsọ̀ wa, òun àti ọmọ wa, wọ́n ní ọmọ wa ló máa wà á níbi ìdíje ọjọ́ Sátidé, ní pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí tẹ́lẹ̀ tí wọn ò lò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbòjú rẹ̀ sókè. "Ta ló ni ọkọ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló máa wà á?"

"Ọmọ yín ni."

"Ìwọ tó o ni ín, kí ló dé tó ò wà á?"

"Bàbá, ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ." Onítáyà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i ni, ó ń yí kọ́nà bí ẹni tó bí títì."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó sì sọ ọ́ sókè kí ọmọkùnrin náà lè gbọ́.

Èmi gan-an ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá bá. Wọ́n fẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ àga, kí n sì gé kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí ilẹ̀ rẹ̀, kí n yọ ihò sí i níbi tí bẹ́líìtì máa gbà. Bẹ́líìtì ọkọ̀ eré-ìje yàtọ̀ sí èyí tí à ń fà kọjá láyà. Okùn méjì ń gba orí èjìká wá, méjì ń gba ìbàdí wá, gbogbo wọn á pàdé níbi ìdodo, wọ́n á há èèyàn mọ́ àga débi pé kò ní lè họ ara. Àmọ́ bẹ́líìtì kò lágbára ju ibi tí wọ́n so ó mọ́ lọ. Ti ìbàdí méjèèjì, wọ́n á lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lábẹ́, wọ́n á sì jó etí ihò náà lókè, bóòtù olójú, tí orí rẹ̀ rí bí òrùka, á wá wọnú rẹ̀. Ti èjìká méjèèjì, ara irin kan tí wọ́n gbé dábùú ẹ̀yìn àga ni wọ́n ń jó o mọ́. Tí wọ́n bá so ti èjìká mọ́ ilẹ̀, tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, okùn náà á fa èjìká wálẹ̀, á tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn pọ̀ bí agolo. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi, ó sì fojú líle wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ṣe é. Ojú-ìdè là ń pè wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ọkọ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló jó ìwọ̀nyí?" Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè.

Onítáyà wo ọmọ wa. Ọmọ wa ń wo táyà. "Ajórin kan ni, Bàbá. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn."

"Ibẹ̀ yẹn níbo?"

"Lẹ́yìn afárá."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é."

"Gbogbo wa ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí wọ́n jó, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń retí kó gbé gíráńdà, kò gbé e. Ó nàró, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló wá ba mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ẹ̀wù tó dáa, ó ní òun ń lọ sẹ́yìn afárá. Ó bi gbogbo ajórin ibẹ̀ léèrè, kò sí ẹni tó rí ọkọ̀ pupa kankan. Nígbà tó padà dé, ó ti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ẹ́ńjìnì, ó ń tò ó síwájú mi. Bóyá onítáyà ló jó o fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fún táyà ní atẹ́gùn kọ́ ló ń jórin. Ó tún lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti gbókìtì rí, tí wọ́n wá fi ọ̀dà pupa bo àṣírí. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọkùnrin yẹn ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ dán ọkọ̀ náà wò, kó tó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Wá máa bá mi ṣọ́ ọ," ó ní.

Bí mo ṣe di aṣọ́nà nìyẹn. Tapólì wa ní ihò kan tí iná jó, ihò náà sì kọjú sí ìsọ̀ onítáyà gan-an. Mo ń rán aṣọ àga, mo ń yọjú. Lóòótọ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu èmi náà. Ọmọkùnrin yẹn máa ń wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ lọ, ọmọ wa á tẹ̀ lé e, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Mo mọ ohun tí irú ẹ̀yìn ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa kó ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún un ní ti ìyá sọ́mọ.

Kápẹ́ẹ̀tì ló là mí lójú. Mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, mo fẹ́ yọ ihò sí i níbi ojú-ìdè ìbàdí, oòrùn sì tàn sí ojú irin náà. Ìpẹ́ rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò yẹ kó kọjú sí. Mo dìde, mo lọ wo ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó mi tí ẹ̀gbọ́n mi jó fún mi, mo tún padà wá wo ti ọkọ̀. Mo wo ti èjìká. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú sí òdìkejì. Mo joyè òmùgọ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Mo bá ọmọ wa níbi ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ìsọ̀, ó ń fọwọ́.

"Ìwọ lo jó o," mo ní.

Kò wojú mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ṣé mò ń pariwo ni? Níbo lo ti rí ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yìn ìsọ̀ onítáyà. Ó bá mi yá ẹ̀rọ kan láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Àbí ẹ̀yin náà rò pé táyà ni mò ń kọ́ látọjọ́ yìí?"

Mi ò jẹ́ kó mọ ohun tí mo rò pé ó ń kọ́. "Kí ló dé tó ò sọ fún bàbá rẹ?"

"Tí mo bá sọ fún wọn, ṣé ẹ ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe?"

Mo mọ̀.

"Àǹtí, èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀. Ṣé mo máa fi ẹ̀mí ara mi ṣeré ni? Ẹ jẹ́ kí Sátidé kọjá. Màá sọ fún wọn fúnra mi."

Mo gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í gbé inú mi, ó máa ń rà ni. Mo wá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ìsọ̀ bí ẹni tó jí ẹran. Kò tó ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ìbòjú sókè, tó tẹjú mọ́ mi.

"Láti àná o ò tíì bú mi," ó ní.

"Ẹ ò ṣe ohun tí mo máa bú yín sí ni."

"Mo da eérú iná sórí fóòmù rẹ láàárọ̀ yìí. O ní kò burú." Ó mi orí rẹ̀. "Wọ́n ti bá ìwọ náà sọ̀rọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Ẹni tí wọ́n bí mi tẹ̀ lé ló ń wò mí bí ẹni tó tà á. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ o jàre, mo sì bú u díẹ̀ kí ara lè tù ú. Kò gbà á gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, òwú mi tán, mo sì jáde lọ ra òmíràn. Bí mo ṣe ń wọlé padà ni mo gbóòórùn ọ̀dà tó jóná. Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ jù. Mo lọ síbi ọkọ̀. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì mi padà sí ipò rẹ̀, ó gún régé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i. Ojú-ìdè ìbàdí tó wà lápá ilẹ̀kùn ti yàtọ̀, ìpẹ́ tuntun ló wà lórí rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí ti gbogbo èèyàn ń kọjú sí. Ọ̀dà pupa tó fi bò ó kò tíì gbẹ.

"Kí lẹ ṣe yìí?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn."

"Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Èyí tí mo jó, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Mo ṣì ń bọ̀ lórí wọn."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìlérí mi. Mo sọ òwú sílẹ̀, mo rékọjá títì, mo pe ọmọ náà. Ó wá, onítáyà tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan ojú irin tuntun náà, ọ̀dà pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kò sunkún. Ì bá sàn tó bá sunkún.

"Bàbá," ó ní, "ta lẹ rò pé ó jó o tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi tún ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ rà á."

Èmi ni ẹnu yà jù. "Ẹ mọ̀? Kí lẹ wá ń wá lẹ́yìn afárá?"

"Mo fẹ́ kó jẹ́ pé mo ṣì í mọ̀ ni." Kò wo èyíkéyìí nínú wa. "Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló jó o, tó bá já, mo mọ ẹni tí mo máa lọ dì lọ́rùn mú. Tó bá jẹ́ òun ló jó o, tó já mọ́ ọn nídìí, ta ni mo máa dì mú?"

Kẹ̀kẹ́ kan gba iwájú ìsọ̀ kọjá, a gbọ́ ìró rẹ̀ títí tó fi lọ.

"Bàbá," ọmọ náà ní, "bóòtù tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ máa ń dán an wò. Tó bá yege, ẹ máa lò ó. Tèmi, ẹ ò dán an wò rí. Gíráńdà lẹ máa ń gbé. Ìfura yín kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni bí bóòtù ṣe jù mí lọ lójú yín."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí páálí bóòtù tó wà lórí tábìlì iṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́," ọmọ náà ní.

Irin ńlá kan dábùú òrùlé wa, tí ṣéènì tí a fi ń gbé ẹ́ńjìnì rọ̀ sí. A ti ọkọ̀ pupa náà sábẹ́ rẹ̀. Nítorí pé kò ní òrùlé, ṣéènì lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú rẹ̀. Onítáyà lọ kó àwọn táyà àlòkù wá, ó tò wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ kó má baà fọ́ tó bá já. Ohun tí ọmọ wa ń wí ni pé kí á gbé odindi ọkọ̀ náà sókè, kí ó rọ̀ mọ́ ojú-ìdè kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kí á ṣe ti òmíràn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo kó fóòmù mi sá sí kọ̀rọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ìkọ́ sí ojú-ìdè èjìká kan. Ọmọ wa fa ṣéènì. Ọkọ̀ náà kérora, imú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ gbé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kúrò nílẹ̀. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú kan. Ọmọ náà ní kí bàbá rẹ̀ lọ mu omi kó padà wá. Ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó lọ, ó bu omi, ó mu ún, ó padà wá bá ọkọ̀ lókè. Wọ́n ṣe ti èjìká kejì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ti ìbàdí tó wà lápá àárín bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí èyí tó fi bí orí abẹ́rẹ́ yẹ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ wa. Mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń gbìyànjú kí ó má hàn.

Ó ku èyí tó wà lápá ilẹ̀kùn, tirẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò fa ṣéènì. Ọkọ̀ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan tí èmi aránṣọ mọ̀ dunjú, bí ìgbà tí aṣọ líle bá ń ya. Ọkọ̀ náà já, ó bọ́ sórí àwọn táyà, ó ta sókè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ìkọ́ ń mì lókè, bóòtù olójú àti irin pẹlẹbẹ sì rọ̀ mọ́ ọn.

A yí i ká. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi jó kò já rárá, ó ṣì le dan-in. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ tó yí i ká ló ya. Ilẹ̀ ọkọ̀ kì í nípọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi gíráńdà lọ̀ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo, kó tó jó tirẹ̀ lé e. Bí awọ àga náà ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá tú ojú rírán kan tó dáa, tí mo tún un rán lójú kan náà, awọ ni yóò ya, òwú mi kò ní já. Mo mọ èyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kò sì rò ó dé ọ̀dọ̀ irin.

Onítáyà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wa ń wo ihò yẹn, gbogbo wa sì ń ro Sátidé. Bí kò bá jẹ́ pé ọmọ náà ní ká gbé e kọ́, orí ibi tí bàbá rẹ̀ fi ìfẹ́ lọ̀ yìí ni ìbàdí rẹ̀ ì bá wà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín erùpẹ̀ irin. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe pé o ò mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ."

"Mo mọ̀, Bàbá." Ọmọ náà lóṣòó tì í. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ dìde, ẹ wá bá mi di irin mú."

Títí di ọ̀sán Fúráìdé ni wọ́n fi wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà gé gbogbo ibi tó fẹ́lẹ́ náà kúrò, ó fi irin tuntun dí i, ó sì wọn irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló di irin mú. Iná ń ta sí i lápá, kò yẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà jó o tán, mo ń ṣọ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí gidi gan-an. Gíráńdà wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn díẹ̀. Èèyàn kì í yí padà lóòjọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ìdí tí a fi máa tún gbé ọkọ̀ kọ́. Ọmọ náà ní ìdí wà, ó fi ìkọ́ sí i, onítáyà tún àwọn táyà tò, ó sì fa ṣéènì. Ọkọ̀ gòkè. Ó dúró síbẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ojú-ìdè tuntun náà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ó fa táyà kan kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ó tún fa òmíràn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì ti fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, títí àyà rẹ̀ fi wà lábẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ jó. Odindi ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, bóòtù kan ṣoṣo ló gbé e dúró. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di ṣéènì mú.

"Bàbá, ẹ jáde níbẹ̀."

"Mò ń bọ̀."

Kò jáde. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo mọ̀ pé àbùkù ló ń wá lọ sábẹ́ ibẹ̀, pé tó bá jáde báyìí, á ní gíráńdà òun dà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń wò níbẹ̀?"

"Mi ò wo nǹkan kan," ó ní. "Mo dijú."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo yọjú wò ó. Lóòótọ́, ó dijú.